Barracoon (ìwé)

Barracoon: The Story of the Last “Black Cargo” jẹ́ ìwé tí Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu Oluale Kossola, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní ọdún 1860. Hurston parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ó tó di títẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí Kossola ti kú fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wà lára àwọn ìwé díẹ̀ tí ẹni tó la òwò ẹrú orí Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ti fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìlú tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àti ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé ìrántí tí àwọn Júù tó yè bọ́ nínú ìpakúpa ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì kọ.

Kossola àti ìlú rẹ̀

A bí Kossola ní nǹkan bí ọdún 1841. Takkoi ni Hurston kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú rẹ̀. Ìwádìí òpìtàn Sylviane Diouf, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ọkọ̀ Clotilda jáde ní ọdún 2007, tọ́ka sí Bantè, ní àárín ilẹ̀ Benin òde òní, láàárín àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Ìṣà.

Oluale ni orúkọ bàbá rẹ̀. Cudjo Lewis, orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Alabama, kì í ṣe orúkọ Yorùbá rárá, nítorí Kojo ni àwọn Akan àti àwọn Ewe máa ń sọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ajé. Kossola ṣàlàyé pé ọ̀gá òun kò lè pe orúkọ òun, ni òun bá ní kí ó máa pe òun ní Cudjo. Ó ṣeé ṣe kí Lewis jẹ́ Oluale tí ahọ́n òyìnbó ti yí padà.

Nígbà tí Hurston ní kí ó sọ ìtàn ara rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀. Ó takú pé ìtàn baba ni ó ń ṣáájú ìtàn ọmọ. Òǹkàwé Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ yóò mọ irú àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ròyìn bí ọba ṣe ń dájọ́ apànìyàn, òfin tó de ẹni tó bá pa ẹkùn, ẹ̀kọ́ ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, bí wọ́n ṣe ń mú un wọ orò, àti ọmọbìnrin kan tí ó rí ní ọjà tí ó wù ú láti fẹ́. Apá yìí ló níye lórí jù nínú ìwé náà. Òun ni kì í jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ẹrú ni a bí Kossola.

Ìkóniẹrú

Ní ọdún 1860, nígbà ìjọba Ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dahomey ya wọ ìlú náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn jagunjagun obìnrin wà lára wọn. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń sá gba ẹnubodè jáde ni wọ́n ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n pa ọba ìlú, wọ́n sì gé orí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kossola kò rí ẹnìkan kan nínú ìdílé rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun dá ibùdó sílẹ̀ láti fi èéfín yan àwọn orí tí wọ́n gé kí ó má bàa jẹrà, níṣojú àwọn tí wọ́n mú. Hurston jẹ́rìí pé nígbà tí bàbá náà dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun náà sì fi í sílẹ̀.

Wọ́n kó wọn gba Abomey lọ sí Ouidah, níbi tí wọ́n ti tì wọ́n mọ́ inú àgọ́ ńlá tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Irú àgọ́ yìí ni à ń pè ní barracoon. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Kossola fi wà níbẹ̀ kí ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jẹ́ William Foster tó ra òun àti nǹkan bí 109 ènìyàn mìíràn. Timothy Meaher, olówó kan ní ìlú Mobile, ni ó rán Foster níṣẹ́. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun, a sì gbọ́ pé Meaher ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó wọn wọlé tí ọwọ́ òfin kò ní tẹ òun. Lẹ́yìn ọjọ́ 45 lórí omi, wọ́n gúnlẹ̀ ní oṣù keje, wọ́n sì dáná sun Clotilda kí ẹ̀rí má bàa kù. Wọ́n pe ẹjọ́ Meaher, ṣùgbọ́n kò já mọ́ nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn òmìnira

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865 ni àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ sọ fún Kossola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti dòmìnira. Ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn án pé kí ó lọ bá Meaher sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó kó ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ yẹ kó fún un ní ilẹ̀ mìíràn. Meaher kọ̀. Ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n sì ra ilẹ̀, apá kan rẹ̀ láti ọwọ́ ẹbí Meaher kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ dó tí wọ́n pè ní African Town.

Kossola àti ìyàwó rẹ̀ Abile, tí wọ́n kó wá nínú ọkọ̀ kan náà, bí ọmọ mẹ́fà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ilé àti orúkọ Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló kú ṣáájú bàbá wọn. Igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè ni ó yìnbọn pa ọ̀kan, ọkọ̀ ojú irin sì pa òmíràn. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin gbá Kossola fúnra rẹ̀ lára. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá 650 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Alabama wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1935.

Ìdí tí ìwé náà fi pẹ́ kó tó jáde

Hurston kọ ọ̀rọ̀ Kossola sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Viking béèrè pé kí ó yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀, Hurston sì kọ̀. Báyìí ni ìwé náà ṣe sùn sí ibi ìkówèésí Yunifásítì Howard títí Deborah G. Plant fi ṣe àtúnṣe rẹ̀ fún títẹ̀, tí Alice Walker sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Lójú ẹni tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti gba orúkọ lọ́wọ́ Kossola tẹ́lẹ̀, yíyí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ìbá sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó tọ́ kí a sọ pé àbùkù kan wà lára iṣẹ́ Hurston. Àpilẹ̀kọ tí ó kọ́kọ́ gbé jáde lórí Kossola ní ọdún 1927 kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Emma Langdon Roche ti ọdún 1914 láìsọ bẹ́ẹ̀. Barracoon kì í ṣe ìwé kan náà pẹ̀lú àpilẹ̀kọ yẹn, ìbẹ̀wò ọlọ́pọ̀ ọjọ́ sí ilé Kossola ni ó ti jáde.

Ìbáramu pẹ̀lú àwọn ìwé ìrántí mìíràn

Àwọn Júù tó yè náà mọ irú ìdádúró yìí. Primo Levi, ọmọ Ítálì tó yè bọ́ ní Auschwitz, gbé ìwé rẹ̀ lọ fún ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Einaudi, wọ́n sì dá a padà. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1947. Elie Wiesel, tí ìwé rẹ̀ La Nuit jáde ní ọdún 1958, gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1986, ọdún kan náà tí Wole Soyinka gba ti Lítíréṣọ̀. Soyinka fúnra rẹ̀ jíròrò lórí ìrántí, ìdáríjì àti owó ìtanràn fún òwò ẹrú nínú The Burden of Memory, the Muse of Forgiveness, tó jáde ní ọdún 1999.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọ̀ràn méjèèjì. Ìjọba Násì fẹ́ pa gbogbo Júù run. Èrè ni oníṣòwò ẹrú ń wá, ara ẹni tó wà láàyè ni ọjà rẹ̀. Ohun tó so àwọn ìwé náà pọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n sọ di nọ́ńbà tàbí ẹrù ọkọ̀ dìde láti dárúkọ ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti àwọn tó kú.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, kọ ìtàn ìmúlẹ́rú rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Ti Ali Eisami tilẹ̀ kan Ìlọrin. Ọmọ Borno ni, ó sì jẹ́ ẹrú ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní ọdún 1817, tí àwọn ẹrú ń sá lọ síbi ogun náà láti gba òmìnira. Nítorí ìbẹ̀rù pé òun náà yóò lọ, olówó rẹ̀ tà á sí Porto-Novo. Àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó dé Freetown, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún Koelle ní èdè Kanuri. Ó jáde ní ọdún 1854.

Africatown àti òde òní

Africatown, bí wọ́n ṣe ń pe ìlú náà báyìí, ṣì wà. Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé iṣẹ́ ìṣebébà yí i ká. Ní ọdún 2017, àwọn olùgbé ibẹ̀ pe ilé iṣẹ́ International Paper lẹ́jọ́ pé ẹ̀gbin rẹ̀ ba ilẹ̀, omi àti ìlera àwọn jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ tó ń rí sí ìtàn ní Alabama kéde pé wọ́n ti rí àwókù Clotilda nínú odò Mobile, fíìmù Descendant sì gbé ọ̀rọ̀ àwọn àrọ́mọdọ́mọ náà jáde ní ọdún 2022.

Oṣù díẹ̀ kí Barracoon tó jáde, ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ìròyìn CNN gbé fídíò jáde níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní gbàǹjo ní Líbíà. Ẹnìkan nínú wọn, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni. Àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti òwò ẹ̀dá ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003. Gẹ́gẹ́ bí ti Kossola, ará ilé sábà máa ń wà lára àwọn tó ń tà, kókó tí Walker pàápàá kò fò dá nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

Ta ni ó kẹ́yìn?

“Last” inú àkọlé ìwé náà kò tọ̀nà mọ́. Olùwádìí Hannah Durkin ti fi hàn pé Redoshi, tó bá Clotilda wá, wà láàyè títí di ọdún 1937, Matilda McCrear sì kú ní ọdún 1940. Ọmọdé ni Matilda nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wá. Ní ọdún 1931, ọdún tí Hurston parí Barracoon, obìnrin náà rìn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó ìtanràn, wọ́n sì dá a padà lọ́wọ́ òfo.