Bí Ìwé Ẹ̀rí Kóòṣì Eré Ìdárayá Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Èyí Tó Yẹ Ọ̀dọ́ Ìkòyí

Ìkòyí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ń wí, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, tó múlé gbe Apòmù àti Ìkirè. Kì í ṣe Ìkòyí Èkó, níbi tí jíìmù olówó gọbọi wà. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ kóòṣì eré ìdárayá jẹun níbẹ̀ yóò bèèrè pé ìwé ẹ̀rí wo ni kí òun gbà. Ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìwé ẹ̀rí fi wà rárá.

Láyé àtijọ́, ẹni tó mọ ìjàkadì ló ń kọ́ ọmọ ní ìjàkadì. Gbogbo ìlú ló rí i nígbà tó dá akẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn sì tó ẹ̀rí.

Ibòmíràn ni ẹ̀rí orí ìwé ti wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti àwọn olùkọ́ eré ìdárayá pawọ́ pọ̀ dá American College of Sports Medicine (ACSM) sílẹ̀ ní 1954. Ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọkàn tó ń fi eré ìdárayá wá ìlera ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí iṣan apá wọn yọ. Ẹni tí yóò sọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pé kó yára tàbí kó dúró gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ewu ń bọ̀. Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni mo rò pé ó yẹ ká fi wọn gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí.

Fídíò eré ìdárayá ti òṣèré Jane Fonda jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ìdárayá. ACE, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí, bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ NSCA, tó ti wà láti 1978, gbé ìwé ẹ̀rí CSCS jáde. Ẹgbẹ́ NASM tẹ̀ lé e ní 1987. Bí àwọn tó ń fúnni níwèé ṣe ń pọ̀ sí i, ó di dandan kí ẹlòmíràn máa yẹ ìdánwò wọn wò. Iṣẹ́ tí àjọ NCCA ń ṣe nìyẹn, ó sì fọwọ́ sí ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ní Bìrìtìkó, ìwé orúkọ àwọn kóòṣì tí wọ́n ń pè ní REPs bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kí àjọ CIMSPA tó gba iṣẹ́ náà; ìwé ẹ̀rí ìpele kẹta ni kóòṣì aládàáni ń gbà níbẹ̀.

Ní ilé wa, National Institute for Sports tó wà nínú pápá ìṣeré Sùúrùlérè ń kọ́ àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù, eré sísá àti ẹ̀ṣẹ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ń fúnni ní NCE nínú eré ìdárayá àti ètò ìlera. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ń fúnni ní dìgírì. Láti Ìkòyí, ojú ọ̀nà kan náà ni méjèèjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Òfin 1988 gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn fisioterapísì, ti 1993 sì gbé TRCN kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Kóòṣì jíìmù kò ní irú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé fèrè kọ́rùn kó ní kóòṣì ni òun, èyí sì ń bà mí lẹ́rù gidigidi, torí ìyá oníṣòwò tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣeé ṣe kó wá bá a láàárọ̀.

Nítorí náà, fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé, NCE tàbí dìgírì ni kó kọ́kọ́ wá, kó sì kọ́ bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Kò pàdánù nǹkan kan: CSCS pàápàá kì í gba ẹni tí kò ní dìgírì. Bó bá ń wo Èkó tàbí òkè òkun, kó wá fi ọ̀kan nínú àwọn ti NCCA kún un, kó sì rántí pé owó dọ́là ni, àti pé ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún ti ACE àti NASM ṣe, ti ACSM sì jẹ́ ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòyí, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá ní ẹ lè gbà lórí fóònù láàárín ọjọ́ méjì láìṣe ìdánwò, ẹ má fowó yín rà á.