Àfòmọ́ "Ko" nínú Orúkọ Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Jàpáànù

Ní ọdún 1871, ìjọba ilẹ̀ Jàpáànù rán ọmọbìnrin márùn-ún lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni Sakiko, láti ìdílé Yamakawa, jagunjagun ìlú Aizu. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ogun ọdún 1868 ti tú ká ni ilé tirẹ̀. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Sutematsu. "Sute" ni kí a ju nǹkan nù. "Matsu" ni igi páìnì, ṣùgbọ́n ìró kan náà ni wọ́n fi ń pe ìdúródeni. Ìyá náà fi orúkọ kan ṣoṣo sọ pé òun ti ju ọmọ òun nù sí ẹ̀yìn òkun, síbẹ̀ òun yóò máa retí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ obìnrin ní Jàpáànù kò gbọdọ̀ gbára lé etí nìkan. Àmì tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin méjì lè máa jẹ́ Yōko. Bí wọ́n ti kọ ti èkíní, ọmọ oòrùn ni, bí wọ́n sì ti kọ ti èkejì, ọmọ òkun ni. Olùkọ́ tí ó bá to irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ojú pátákó pẹ̀lú ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni. Ohun tí kò yí padà nínú méjèèjì ni "ko" tí ó gbẹ̀yìn, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ọmọ". Bí àfòmọ́ yìí ti kéré tó, ìrìn rẹ̀ jìnnà.

Kì í ṣe obìnrin ni ó kọ́kọ́ ni ín. Ní Ṣáínà àtijọ́, oyè ọ̀wọ̀ fún àwọn ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni àmì náà. Ní Jàpáànù pàápàá, Ono no Imoko, ikọ̀ tí ààfin rán lọ sí Ṣáínà ní ọdún 607, ọkùnrin ni. Ọba Saga, tí ó jọba láti 809 sí 823, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi í parí orúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì di ti àwọn obìnrin ààfin àti ti ìdílé ọlọ́lá. Ọlá náà kò mú kí ayé gbọ́ orúkọ wọn o. Teishi ni ìwé ìtàn ń pe olorì kan tí ó kú ní ọdún 1001, ṣùgbọ́n ìpè bí ti Ṣáínà ni ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ti sọnù. Ẹni tí ó kọ ìtàn Genji ni a mọ̀ sí Murasaki Shikibu: Murasaki jẹ́ orúkọ obìnrin kan nínú ìwé náà, Shikibu sì jẹ́ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ ọba tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Òǹkọ̀wé mìíràn wà tí wọn kò pè ní nǹkan kan ju "ọmọbìnrin Sugawara no Takasue" lọ.

Láàárín àwọn mẹ̀kúnnù, orúkọ obìnrin kúrú, sílébù méjì ni ó wọ́pọ̀: Haru, ìgbà ìrúwé; Yuki, òjò dídì; Hana, òdòdó. Kame ni ìjàpá. Kí òǹkàwé má ṣe rántí alábahun inú àlọ́. Ẹ̀mí gígùn ni ìjàpá dúró fún lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ wà tí kò dùn ún gbọ́: òbí tí kò fẹ́ bímọ mọ́ a máa sọ àbígbẹ̀yìn ní Tome, "dá a dúró", tàbí Sue, "òpin". Ọmọ náà kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa gbé ẹ̀dùn ọkàn òbí rẹ̀ kiri títí dé sàréè.

Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní 1868, òfin ọdún 1871 pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ gbogbo ìdílé sínú ìwé. Odi tí ó wà láàárín ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí wó, "ko" sì rìn jáde kúrò láàfin. Tsuda Ume ni ó kéré jù nínú àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ìjọ́sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ume ni igi eléso kan tí ó máa ń tanná kí òtútù tó lọ. Ní 1900, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Tokyo. Ní 1902, ó sọ orúkọ rẹ̀ di Umeko. Ti akéwì Yosano Akiko tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọmọ oníṣòwò àdídùn ni ní ìlú Sakai, orúkọ àbísọ rẹ̀ sì ni Shō. Nígbà tí ó ń kọ ewì, ó yan àmì kan tí ó túmọ̀ sí òkúta tí ń dán bí dígí. A lè pe àmì náà ní "shō", a sì lè pè é ní "aki". Ó fi "ko" kún un, ó di Akiko. Orúkọ àbísọ kò sọnù. Ó fara pamọ́ sínú tuntun fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Akiko yìí ni ó wà lára ìwé ewì rẹ̀, Midaregami, ní 1901.

Kò pẹ́ tí àmì ọlá fi di ti gbogbo ènìyàn. Ìwádìí ilé-iṣẹ́ adójútòfò Meiji Yasuda fi hàn pé láti 1921 títí di 1956, gbogbo orúkọ mẹ́wàá tí ó wọ́pọ̀ jù fún ọmọbìnrin ni ó parí sí "ko". Ọba tuntun gorí oyè ní ìparí 1926, wọ́n sì pe ìgbà rẹ̀ ní Shōwa. Ní 1927, Kazuko, tí wọ́n fi àmì kejì nínú Shōwa kọ, tí ó túmọ̀ sí ìrẹ́pọ̀, borí gbogbo orúkọ yòókù. Ogun ni àwọn ọmọ ìrẹ́pọ̀ wọ̀nyí dàgbà bá. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ní kì í pẹ́ ṣá. Ní 1957, Akemi wọ àárín mẹ́wàá náà. "Mi" rẹ̀ ni ẹwà. Himari àti Rin wà lára àwọn tí òbí ń yàn ní ìgbà tiwa. Ààfin ní tirẹ̀ kò fi "ko" sílẹ̀: Aiko, ọmọ ọba tí a bí ní 2001, ni wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú ìwé Mencius, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà, ọmọ ìfẹ́ ni.

Láti 1948, àmì tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni a lè fi kọ orúkọ ọmọ. Ní 1951, ìjọba ní láti fi 92 kún un. Síbẹ̀, àmì nìkan ni ìwé ìdílé ń gbà, kò béèrè bí a ṣe ń pè é. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí a máa kọ ìpè orúkọ mọ́ àmì rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ojúlé dé ojúlé, kí olúkúlùkù lè wò ó bóyá bí wọ́n ṣe ń pe òun nìyẹn.