Ejò ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìta mọ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Àpápá, ọkọ̀ òkun, kọ̀ntéínà àti tírélà lọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí. Bó bá sì jẹ́ Ajégúnlẹ̀ ni, ilé tó fún mọ́ra àti èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n máa ń rántí. Ìwọ̀nba ni àwọn tó máa ń ronú kan ejò. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ àbàtà etí ọ̀sà ni àgbègbè náà, kó tó di pé wọ́n parí ibùdókọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá ní ọdún 1926, tí wọ́n sì ṣí ti Tin Can Island ní ọdún 1977. Ilé bo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n omi kò kúrò níbẹ̀, ejò náà kò sì kúrò.

Àwọn kan máa ń rò pé tìtorí ejò ni wọ́n ṣe ń pe erékùṣù tó dojú kọ èbúté náà ní Snake Island. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gùn, tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, ló fún un lórúkọ. Ejò tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ṣọ́ra fún lè wà nínú gọ́tà tó ń kó lọ́wọ́.

Ibi tó ń sá pamọ́ sí

Ohun méjì ni ejò ń wá kiri: oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́. Ibi tí ààtàn bá wà, eku á wà níbẹ̀. Ibi tí eku bá sì wà, ejò kò ní í jìnnà. Ìdí nìyí tó fi máa ń wà lábẹ́ pákó àti tayà àlòkù, nínú koríko ẹ̀gbẹ́ ojú irin, létí kánààlì àti láàrin ẹrù tó ti pẹ́ nílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí omi kún ihò rẹ̀, yóò jáde wá ibi gbígbẹ. Àwọn tó ń kó gọ́tà, agbálẹ̀, alábàárù, apẹja àti ọlọ́dẹ òru ló lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ jù.

Awọ́nríwọ́n náà máa ń gbé létí omi. Bí wọ́n bá há a mọ́, ó lè fi ìrù na èèyàn tàbí kó gé e jẹ. Bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ fún un, yóò sá lọ ni.

Èyí tó ní oró àtèyí tí kò ní

Orúkọ tí àwọn baba wa fún paramọ́lẹ̀ ti ṣàlàyé ìwà rẹ̀: ńṣe ló ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Kì í tètè sá bó bá gbúròó ẹsẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ló máa ń ṣán. Oró rẹ̀ ń mú kí ojú ibẹ̀ wú, kí ẹran ara sì máa kú. Sèbé ní tirẹ̀ máa ń gbé orí sókè, á sì fẹ ọrùn. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ní ọrùn dúdú máa ń tu oró síni lójú láti òkèèrè. Òjòlá kò ní oró rárá. Fífún ló ń fún ẹran tó bá mú pa.

Kí ó tó ṣẹlẹ̀

Bàtà róbà tó ga dé ojúgun àti ṣòkòtò gígùn ni ààbò àkọ́kọ́. Kí òṣìṣẹ́ má ṣe ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Igi gígùn ni kó fi tú u wò. Iná tọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ wọ́n ọlọ́dẹ òru. Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òṣìṣẹ́ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ ibi tó ṣókùnkùn.

Bí ejò bá ti ṣán èèyàn

Kí onítọ̀hún kúrò lọ́dọ̀ ejò náà, kó sì fara balẹ̀. Kí wọ́n bọ́ òrùka, aago àti bàtà kí ara tó wú. Kí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kó má bàa máa mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fi ẹnu fa á, kí wọ́n má fi okùn so ó pinpin, kí wọ́n má sì tìtorí òkúta dúdú tàbí kẹrosíìnì fi àkókò ṣòfò. Bí oró bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi ṣàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Kí ó má fi ọwọ́ ra á. Kí wọ́n má ṣe lé ejò náà. Bí wọ́n bá lè fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, yóò ran dókítà lọ́wọ́.

Oògùn náà kì í ṣe ọ̀kan

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lọ́dọọdún, àti pé àwọn tó ń pàdánù ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tàbí tó ń di aláàbọ̀ ara, tó ìlọ́po mẹ́ta iye náà. Láàrin àwọn oògùn tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, EchiTAbG wà fún irú ejò kan tó pọ̀ ní Òkè Ọya. EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, ló kápá oró ejò yẹn, ti paramọ́lẹ̀ àti ti sèbé ọlọ́rùn dúdú. Nítorí náà, kí ọ̀gá iṣẹ́ ti béèrè ṣáájú, kó mọ ilé ìwòsàn tó ní èyí tó bá ejò àdúgbò mu. Ọjọ́ tí ejò bá ṣán èèyàn kọ́ ni ọjọ́ ìwádìí.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́

Òfin àsanpadà fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2010, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó, kan ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, títí kan àwọn tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Ọjọ́ 14 kì í pẹ́ pé fún ẹni tó wà lórí ibùsùn. Kí ẹnìkejì rẹ̀ tó wà níbẹ̀ bá a sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an.