Iṣu Abẹ́ Ọwọ́

Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Òwe náà kò ní kọ́lọ́fín: ẹni tí ire tirẹ̀ bá dé kì í kígbe rẹ̀ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ àkọlé fíìmù ni mo fẹ́ fi í sọ.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé òyìnbó ló mọ bí a ti ń fi igi àti òdòdó sọ fíìmù lórúkọ, pé ewéko kò sí nínú tiwa. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ewéko tí a dárúkọ lọ́tọ̀, ewéko tí ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ wo Magnolia ti ọdún 1999: òdòdó ló wà lójú àkọlé, àkèré ló ń já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Ẹ wá wo Kongi's Harvest, tí wọ́n yà nílẹ̀ wa, tó jáde ní 1970, tí Ossie Davis darí, tí Wọlé Ṣóyínká tó kọ eré náà fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi, ààrẹ inú eré náà. Ìkórè ni àkọlé wí, kò dárúkọ iṣu. Bẹ́ẹ̀ iṣu ni gbogbo ìjà náà dá lé: Kongi fẹ́ kí ọba gbé iṣu tuntun fún òun ní gbangba. Àlejò lè rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń jà sí. Ará Ìkálẹ̀ tó mọ ọdún ìjẹṣu kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí iṣu tuntun bá kọ́kọ́ dé ló ni ọdún, ẹni tó ni ọdún ló sì ni ìlú. Ká ní ọba yẹn gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, fíìmù ti parí.

Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, 1999, tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Idẹ ni àkọlé ń dún létí, ṣùgbọ́n ara ìlù ni idẹ so mọ́, igi ni wọ́n sì gbẹ́ di ìlù. Ọmọ̀ àti àpá wà lára igi tí àwọn agbẹ́lù ń lò. Inú ìtàn kan náà ni àwọn agégẹdú ti ń run igbó, tí owó wọn ń wọ ààfin, tí àwọn àgbẹ̀ ń ké. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ gẹdú tó ń mi jìgìjìgì lójú ọ̀nà Òkìtìpupa kò nílò alálàyé. Jogbo ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ ọ́, sì sọ ìlú inú ìtàn náà. Bí nǹkan bá korò, a ní ó korò bí jogbo.

Mo ti fẹ́ gbàgbé òwe mi. Òyìnbó náà ń bo iṣu. Fíìmù Ingmar Bergman ti 1957, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Wild Strawberries, Smultronstället ló ń jẹ́ lédè Sweden. Kì í ṣe èso ni orúkọ yẹn, ibi tí èso ń hù ni. Wọ́n sì ń fi pe ibi kékeré kan tí ènìyàn fẹ́ràn, tí kì í fi han gbogbo ayé. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣu oníṣu.

Lọ́jà Àyèká nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ìyá kan to púpurù kalẹ̀, roboto-roboto, èéfín ti mú ara wọn dúdú. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun báláú. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń polówó, n kò gbọ́ kó dárúkọ ẹ̀gẹ́ tó fi ṣe é. Oníbàárà kan tó ti Èkó wá wá béèrè pé, "Màmá, kí lẹ fi ṣe é?" Ìyá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe omi.