Ìbéèrè agbófinró fún ìsọfúnni oníbàárà

Ìwé tí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ fi ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó ni nọ́ńbà kan, àwọn tó pè àti ibi tó wà. Ní Tógò, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2018 àti òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti oṣù Ọ̀wàrà 2019 ló kàn án jù.

Kí ilé-iṣẹ́ tó fèsì, ó yẹ kó pe ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà lórí nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ wá rí, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé. Ìmeèlì ìjọba nìkan kò tó. Ìròyìn Bloomberg ní 2022 sọ pé àwọn gbájúẹ̀ díbọ́n bí agbófinró, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, Apple àti Meta sì kó ìsọfúnni fún wọn. Ìkánjú gan-an ló yẹ kó fu ilé-iṣẹ́ lára.

Àdúgbò Kodjoviakopé ní Lomé fi ìṣòro ààlà hàn: ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ibẹ̀ dé Aflao ní Gánà, àmọ́ ìwé ọlọ́pàá Gánà kò lè pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ Tógò, àwọn aláṣẹ ìdájọ́ Tógò ló gbọ́dọ̀ gbà á wọlé.