Ìlọrin àti Ọ̀rọ̀ Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Ní ọjọ́ tí baba mi mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin, akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì na fọ́ọ̀mù kan sí wọn, ó ní kí wọ́n buwọ́ lù ú. Baba mi gba gègé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, wọ́n kọ orúkọ wọn àti orúkọ baba tí ó bí wọn lọ́mọ ní lẹ́tà Lárúbáwá tí ó dọ́gba, tí ó sì gún régé. Akọ̀wé wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà sí i lórí, ó sì ti tàdáwà síwájú wọn pé kí wọ́n tẹ̀ka. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ní àlàfo tí a ti ń béèrè bí òbí ti kàwé tó, akọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kàwé.

Baba mi tí à ń wí yìí ti ka Kùránì já nígbà tí wọn kò tíì gbé ìyàwó. Wọ́n ti kọ́ Rísálà, ìwé òfin ẹ̀sìn tí Ibn Abi Zayd kọ, lọ́dọ̀ àfáà kan ní Pákátà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ìbàdàn. Wọ́n sì ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kọ gbèsè aṣọ òfì sí, ní èdè Yorùbá, ní lẹ́tà Lárúbáwá.

N kò sọ ìtàn yìí láti fi bú akọ̀wé náà. Fọ́ọ̀mù tí a fún un kò ní àyè fún irú baba mi, òun náà kò sì dá fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ wádìí ni bí ó ti ṣẹlẹ̀ tí ìlú tí ó ti ń kàwé kí òyìnbó tó jọba lé e lórí fi di ìlú tí a ń ka àwọn àgbà rẹ̀ mọ́ púrúǹtù, àti ohun tí àwa tí a ń fi ìwádìí èdè àti ẹ̀kọ́ jẹun pàdánù nínú rẹ̀.

Kí Ṣéù Àlímì tó fìdí kalẹ̀ ní Ìlọrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti wà ní Òkè-Súnà lábẹ́ Ṣọlágbérú. Nígbà tí Àfọ̀njá kú tán, tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Àlímì, àwọn onímọ̀ ń wọ́ wá láti ilẹ̀ Haúsá, láti Nupe àti láti Bọ̀nú. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn àlejò wọ̀nyí ni ó gba èdè ìlú; ìlú kò gba tiwọn. Láàárín ìran mélòó kan, ọmọ Fúlàní, ọmọ Haúsá àti ọmọ Nupe tí a bí sí Ìlọrin ti di elédè Yorùbá, títí kan àwọn tí ó wà láàfin. Ìgbéyàwó àti ọjà ni àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí pé ó fa èyí. Lójú tèmi, ilé-kéwú náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nínú àlàyé náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé-kéwú ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọdé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wàláà, pátákó tí a ń fi tàdáwà kọ, tí a sì ń fọ̀ kí a tó kọ ẹ̀kọ́ mìíràn sí i. Ó kọ́ lẹ́tà, ó kọ́ àmì tí ó dúró fún fáwẹ̀lì, ó há àwọn súrà kéékèèké sórí, kò sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí ó ń kà. Èyí lè gba ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, bí orí rẹ̀ bá gba ìwé, bí àwọn òbí rẹ̀ bá sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nídìí òfì tàbí lóko, ó bọ́ sọ́dọ̀ àfáà àgbà láti kọ́ ìtumọ̀. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti wọlé. Àfáà a ka gbólóhùn Lárúbáwá kan, a dánu dúró, a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ a sì tún un wí tẹ̀ lé e. Nínú ẹ̀dà Rísálà tí baba mi fi sílẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá wà láàárín ìlà àti létí ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní, bí ìgbà tí èèrà bá tò lọ. Àwọn àgbà a máa pe irú ìkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àǹjẹ́mì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní Àjámì.

Bí oṣù Ràmàdáánì bá sì dé, ẹ̀kọ́ yìí a jáde sí gbangba. Ajánàsí a ké ẹsẹ Kùránì, àfáà a sì túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀, ẹni tí ó wọ ilé-kéwú àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Yorùbá tí a fi ń ṣe èyí kì í ṣe Yorùbá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ogún pípín, fún ẹ̀rí níwájú adájọ́, fún oríṣiríṣi gbèsè, àti fún ohun tí ojú kò lè rí. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú wọ èdè wa ni àlàáfíà, àdúrà, ìwàásù, àlùfáà àti wòlíì. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ fún àwọn wọ̀nyí: ohun tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn Yorùbá ni wọ́n lò. Mo ti rí Kìrìsìtẹ́nì tí ó bínú nígbà tí mo sọ èyí fún un, mo sì ti rí Mùsùlùmí tí inú rẹ̀ dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìgbà yẹn náà ni àkọtọ́ kejì ń sún mọ́ Ìlọrin. Ní 1855, Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wọ ìlú náà. Ẹ́míà Ṣítà gbà á lálejò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ míṣọ́nnárì kò rí ààyè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Bowen padà sílé, ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá tí ó kọ sì jáde ní 1858 láti ọwọ́ Smithsonian ní Washington. Ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì ṣe ìpàdé ní Èkó, tí wọ́n fẹnu kò lórí bí a óò ti máa fi lẹ́tà Rómáànù kọ Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ nítorí àǹjẹ́mì.

Àwọn kan yóò sọ pé lẹ́tà Lárúbáwá kò yẹ Yorùbá ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò ní lẹ́tà fún *p* tàbí *gb*. Àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta péré ni ó ní, kò sì rọrùn láti fi wọ́n ya *e* sọ́tọ̀ kúrò lára *ẹ*, tàbí *o* kúrò lára *ọ*. Kò sì ní àmì ohùn. Àfáà kọ̀ọ̀kan dá ọgbọ́n tirẹ̀, débi pé ẹni tí ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àfáà kan lè tàsé ti òmíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Rómáànù náà kò ní *ẹ* tàbí *ọ* kí a tó fi àmì sí wọn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa ni ó sì ti tẹ Yorùbá jáde láìfi àmì ohùn kankan sí i. Títí di ọdún 1974 tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò nísinsìnyí ni àwọn ènìyàn ń kọ *aiye* níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ *ayé*. Ó tó ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún láti ìpàdé Èkó sí ìgbà yẹn. Nítorí náà, àléébù nìkan kọ́ ni ó pa àǹjẹ́mì tì. Ohun tí lẹ́tà Rómáànù rí tí àǹjẹ́mì kò rí ni ìgbìmọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti iṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Ogunbiyi ti tọpa ìtàn yìí nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2003, ó sì yẹ kí a máa kà á ju bí a ti ń kà á lọ.

Lẹ́yìn tí Royal Niger Company fi ìbọn ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù kejì ọdún 1897, ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìṣàkóso Àríwá ní 1900, ó sì wà níbẹ̀ títí a fi dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀ ní 1967. Gẹ̀ẹ́sì di ìwé tí a fi ń ríṣẹ́ ìjọba, kéwú di ti ẹ̀sìn nìkan, ìwé gbèsè baba mi sì di ohun tí kò ní orúkọ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí padà wọ ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìwádìí yunifásítì, Ifẹ̀ ni ó gbà wọlé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn kan tẹ̀ lé àṣà àtijọ́, èyí tí ó ń fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́ta kí ó tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. A ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé, a sì ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kàwé ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ burú sí i.

Ó ti wù mí rí láti kígbe pé a ti ń ṣe èyí ní Ìlọrin tipẹ́. Mo tilẹ̀ wí bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé kan. Àgbà onímọ̀ kan tí ó ti ṣe ilé-kéwú dáadáa ni ó fà mí sẹ́yìn. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni èmi fi ké súrà kí n tó mọ ohun tí mo ń ké. N kò lè dá a lóhùn. Ní Modákẹ́kẹ́, ìtumọ̀ ni a fi ṣíwájú. Ní ilé-kéwú wa, ìtumọ̀ ni ó gbẹ̀yìn, díẹ̀ ni ó sì dé ibẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ó dé ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pàṣán. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Ìlọrin ní: àwọn ènìyàn tí ó ti fi Yorùbá ronú lórí ìwé tí ó le fún ìran púpọ̀, tí wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ gíga, ibẹ̀ wà lára ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí.

A kò yà síbẹ̀ tó. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìlọrin ní 1975 lábẹ́ Ìbàdàn, tí ó sì gba òmìnira ní 1977, àwọn ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ Yorùbá wá síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì wà níbẹ̀, ẹni tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1978, tí ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe èdè-ìperí Yorùbá fún àwọn olùkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúdáre Ọlájubù tí ó ṣàkójọpọ̀ iwì egúngún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí i láti ìgbà yẹn, ní ibi gbogbo tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá kò lè ka lẹ́tà Lárúbáwá, ẹni tí ó sì ń kọ́ni ní Lárúbáwá ka àǹjẹ́mì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò kàn án. Ìwé àwọn àfáà wà nínú àpótí láàárín àwọn méjèèjì, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ìwé ńlá kan lórí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní Ìlọrin láti nǹkan bí ọdún 1800 ni èyí tí Stefan Reichmuth tẹ̀ jáde ní 1998. Èdè Jámánì ni ó fi kọ ọ́. Àwọn ọmọ àwọn àfáà tí ìtàn wọn wà nínú rẹ̀ kò lè kà á, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti lè ka ti baba wa. Nísinsìnyí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malété, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, ní ibùdó kan fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ ni.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn ibi tí a ti lo èdè abínibí. Ọdún mẹ́ta ni ó wà láàárín méjèèjì. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní ní ọdún tí a ṣe òfin náà kò tíì parí ìwé mẹ́fà nígbà tí a wọ́gi lé e. Àwọn ti Modákẹ́kẹ́ ní sùúrù ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rí.

Ìwé gbèsè baba mi wà lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti kà á tán, lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo ti kọ lórí Yorùbá. Ojú ewé kẹta ni mo dé. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, lẹ́yìn orúkọ obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó lè jẹ́ *owó*, tí ó sì lè jẹ́ *ọ̀wọ̀*. Mo fi han ọmọ ilé-kéwú kan ní àdúgbò wa. Ó kà á jáde lọ́gán láìdúró, kíá, bí ẹni ń ké súrà. Nígbà tí mo sì bi í pé èwo ni nínú méjèèjì, ó ní òun kò mọ̀, pé kí n lọ bi ẹni tí ó kọ ọ́.