Yíyọ́ òjò dídì fún omi

Yíyọ́ òjò dídì fún omi ni ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n pàgọ́ sí ilẹ̀ olótùútù fi ń rí omi mu àti omi se oúnjẹ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń fi síkì, ìyẹn pátákó gígùn méjì tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì, rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ní ìgbà òtútù, àti láàárín àwọn tí ń gun òkè gíga. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, odò àti adágún sábà máa ń ti dì. Òjò dídì lè bo gbogbo ilẹ̀, síbẹ̀ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹni tí epo ìdáná rẹ̀ ti tán.

Ooru tí yíyọ́ ń gbà

Kìlógíráàmù yìnyín kan tí ó wà ní 0°C ń gba nǹkan bí 334 kílójúùlù ooru kí ó tó di omi, omi tí ó yọ́ náà yóò sì ṣì wà ní 0°C. Ooru yìí tó láti mú kìlógíráàmù omi kan kúrò ní 0°C dé nǹkan bí 80°C. Kí omi náà tó hó ní 100°C, ó tún ku nǹkan bí 418 kílójúùlù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń se òjò dídì di omi gbígbóná yóò jó epo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí ó pọn omi tútù láti inú odò.

Ìdí kan náà ni a kò fi gba arìnrìn-àjò níyànjú láti máa jẹ òjò dídì dípò omi. Ooru ara ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni yóò yọ́ ọ, ara tí ó ti rẹ̀ tí òtútù sì ti mú kò ní ooru tí yóò fi ṣòfò.

Iye omi tí a ó rí dúró lórí bí òjò dídì náà ṣe ki tó. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Lítà 10 rẹ̀ lè má mú ju ìdajì lítà sí lítà omi kan wá. Èyí tí ìjì ti gbá jọ tí ó sì ti le lè mú lítà 3 wá.

Ìlànà

1. Ibi mímọ́, tí ó jìnnà sí ibi ìgbọ̀nsẹ̀, ni a ti ń bu òjò dídì. A kì í bu èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà.
2. A ó kọ́kọ́ da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, òjò dídì tí ó wà lókè yóò fa èyí tí ó bá yọ́ mu, ìdí ìkòkò yóò gbẹ, yóò sì jó.
3. A ó máa fi òjò dídì kún un díẹ̀díẹ̀, a ó sì dé ìkòkò náà.
4. A ó gbé sítóòfù lé pátákó kékeré kí ó má baà rì bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń yọ́.
5. Bí a bá fẹ́ pa kòkòrò àìsàn, omi náà gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú 1. Ní ibi tí ó ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú 3 ni.
6. Ní alẹ́, a ó dorí ìgò omi kodò. Òkè omi ni ó ń kọ́kọ́ dì, nítorí náà ẹnu ìgò kò ní tètè dí.

Sítóòfù àti epo

Bútéènì inú agolo gáàsì kì í lè yí padà láti olómi sí afẹ́fẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti kọjá −0.5°C. Prọ́péènì lè yí padà títí dé nǹkan bí −42°C. Nínú òtútù líle, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń lo sítóòfù onípọ́ǹpù tí ń jó kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù tí a ti sẹ́ mọ́.

Ewu

Sítóòfù tí a tàn nínú àgọ́ tí a ti pa lè tú kábọ́nù mónóksáìdì jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn. Ní ọdún 1934, Richard Byrd, ará Amẹ́ríkà tí ó dá gbé inú ilé kékeré kan ní Antárktìkà ní ìgbà òtútù, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1888, Fridtjof Nansen, ará Nọ́rwèy, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún fi síkì la Grínlándì kọjá. Òùngbẹ jẹ́ ìyà ńlá fún wọn. Wọ́n ń rọ òjò dídì sínú ìgò onírin, wọ́n sì ń gbé e sí àyà kí ooru ara lè yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò tí a fi orúkọ Nansen pè wọ́pọ̀: ooru tí ó bá ti ara ìkòkò oúnjẹ kọjá ń yọ́ òjò dídì nínú ìkòkò mìíràn tí ó yí i ká. Ní ọdún 1892, Frans Wilhelm Lindqvist ṣe sítóòfù Primus ní Swídìn.

Roald Amundsen, tí ó dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911, àti Robert Falcon Scott, tí ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1912, lo sítóòfù Primus. Amundsen ti fi òjé jó ẹnu àwọn agolo epo rẹ̀ pa. Nígbà tí Scott ń padà bọ̀, ó bá epo tí ó fi pamọ́ sójú ọ̀nà pé ó ti dín kù. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1912, òun àti ẹlẹgbẹ́ méjì tí ó kù kú nínú àgọ́ wọn, ní nǹkan bí kìlómítà 20 sí ibi tí oúnjẹ àti epo wà. Òtútù, ìjì àti ebi wà lára ohun tí ó pa wọ́n. Àìtó epo sì mú kí omi ṣọ̀wọ́n fún wọn lórí ilẹ̀ tí yìnyín bò.